Wọ́n ní kí n wá ṣe máníjà ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò owó ni mo kọ́, báǹkì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Èkó ní kí n wá ṣe máníjà àwọn níbí. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ṣé mo lè ṣe é?

Ìdáhùn: O lè ṣe é, àbúrò. Èmi gan-an ò tíì mọ ọkọ̀ wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò tó o mọ̀ yẹn á wúlò, torí àbọ̀ ló ń pa ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, kì í ṣe àlọ. Ká ní èrò 14 san 8,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, 112,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ èrò márùn-ún péré ló bá ọkọ̀ padà, 40,000 ni, bẹ́ẹ̀ iye epo tó jó lọ náà ló jó bọ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń darí wa. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, àlọ á kún fọ́fọ́, àbọ̀ á gbẹ. Bí wọ́n bá ń wọlé padà, ó di òdìkejì. Kàlẹ́ńdà ilé-ìwé ni kó o kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kó o tó gbé fọ́tò ọ̀gá kọ́. Ti epo, o mọ̀ ọ́n: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ tá a dá lóṣù tó kọjá lè má ràn wá lọ́wọ́ lóṣù yìí.

Àmọ́ gáréèjì ni iṣẹ́ wà. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí èrò tó dé, fọwọ́ ra ojú táyà. Bó bá ti dán bí ìdí àwo, ọkọ̀ yẹn ò lọ. Bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, bóyá òróró bíréèkì ń kán. Lẹ́yìn náà, kí dẹ́rẹ́bà, kó o sì dúró gbọ́ bó ṣe máa dáhùn. Ọ̀kan sọ fún mi rí pé òun sùn dáadáa, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo ní kó máa lọ sílé. Ọkọ̀ pẹ́ wákàtí kan, ọ̀gá bínú. Kó máa bínú lọ.

Ìwé orúkọ èrò ńkọ́? Kó pé, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹbí, kí ọkọ̀ tó ṣí. Èrò tí dẹ́rẹ́bà bá gbé ní Gbọ̀ngán tàbí Ìkirè, owó rẹ̀ kì í dé ọ́fíìsì, orúkọ rẹ̀ ò sì sí nínú ìwé. Ti orúkọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Kó o tó buwọ́ lùwé, bi wọ́n pé: ta ló láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró? Bí wọ́n bá ní o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ọ̀gá l'Ékòó, iye yòówù tí wọ́n bá fẹ́ san fún ẹ, kò tó.