Ṣé Dandan Ni Kí Tọkọtaya Jọ Fáìlì Chapter 13?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Maryland lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń wa tírélà. Gbèsè kírẹ́díìtì káàdì ti fẹ́ gbé wa mì: $31,000 lórúkọ ọkọ mi, $6,400 lórúkọ tèmi, $9,000 lórí káàdì kan tí a jọ gbà. Wọ́n ní ká fáìlì Chapter 13, ìyẹn apá kan nínú òfin Amẹ́ríkà fún ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ní kóòtù, ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣé dandan ni kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i? Ilé tí à ń gbé ńkọ́, àti èyí tí à ń kọ́ lọ́wọ́ n'Íbàdàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, màámi. Kò sí dandan ńbẹ̀. Tọkọtaya lè jọ fáìlì nínú ìwé kan ṣoṣo, $313 náà sì ni kóòtù máa gbà, ẹ̀ báà jẹ́ ẹnì kan, ẹ̀ báà jẹ́ méjì. Ọ̀kan sì lè dá a ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé bí ọkọ bá dá fáìlì, owó oṣù ìyàwó ti bọ́ sápá kan. Rárá o. Gbogbo owó tó ń wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa kà. Nínú àwọn ìdílé tó pọ̀ tó tiyín ní Maryland, iye kan wà láàárín gan-an tí owó ìdajì wọn jù ú lọ, tí ti ìdajì kò tó o. Bí tiyín bá kéré sí iye àárín yẹn, ọdún 3 lẹ lè fi san án. Bó bá jù ú lọ, ọdún 5 ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa yọ èyí tí ẹ̀yin ìyàwó fi ń gbọ́ bùkátà ara yín nìkan nínú owó oṣù yín, kí wọ́n tó mọ ohun tí ọkọ yín lè máa san lóṣooṣù.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ta ló jẹ gbèsè. Ẹ kó ìwé káàdì gbogbo sórí tábìlì. Pé orúkọ yín wà lára ike káàdì ọkọ yín kò ní kẹ́ ẹ jẹ gbèsè o. Bó bá kàn ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀kan láti máa fi ra ọjà ni, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè wà. Èyí tí ẹ jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló so yín pọ̀. (Bó bá jẹ́ Texas lẹ wà, mi ò ní dáhùn báyìí, torí òfin ìní tọkọtaya tiwọn yàtọ̀.)

Lọ́jọ́ tí ọkọ yín bá fáìlì, ìpè àwọn tó ń sin gbèsè gbọ́dọ̀ dẹ́kun. Láyé àtijọ́, ológò máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni. Tòde òní, inú fóònù ló ń jókòó sí. Ààbò yẹn tún kan ẹ̀yin náà lórí $9,000 àjọgbà yẹn, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ fáìlì. Àmọ́ iye tí ètò ìsangbèsè ọkọ yín kò bá san tán nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀.

Ilé tí ẹ ń gbé, bó bá jẹ́ pé gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya lẹ jọ rà á, òfin Maryland kà á sí ohun tí kò ṣeé là sí méjì. Ẹni tí ọkọ nìkan jẹ lówó kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ẹ jọ jẹ lè débẹ̀. Lójú tèmi, kí ọkọ yín dá fáìlì, kí ẹ̀yin rọra máa san $6,400 tiyín, kí orúkọ ẹnì kan ṣì mọ́ lójú báńkì lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kọṣẹ́.

Ó wá ku ti Ìbàdàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Níbikíbi lágbàáyé tí ohun ìní bá wà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ìpín ọkọ yín nínú ilé yẹn, tí kò sí òfin tó dáàbò bò ó, máa mú $20,000 wá tí wọ́n bá tà á: àwọn tí ọkọ yín jẹ lówó gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán iye yẹn gbà. Bí a bá pín in sí oṣù 60, ó lé ní $333 lóṣù, láìtíì ka owó iṣẹ́ trustee, ẹni tó ń gba owó tó sì ń pín in. Ẹ má yí ìwé ilẹ̀ padà sórúkọ ẹ̀gbọ́n o. Ẹ má sì sáré san gbèsè àbúrò kẹ́ ẹ tó fáìlì. Owó tí ẹ san fún ẹbí láàárín ọdún kan ṣáájú, trustee lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Owó àjọ tí ẹ kò tíì kó náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Orí fídíò ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìpàdé trustee báyìí. Ẹ ó nawọ́ ọ̀tún sókè, ẹ ó búra, yóò sì béèrè bóyá ẹ ní ilẹ̀ tàbí ilé nílẹ̀ òkèèrè. Mo ti rí i tí ìyàwó kọjú sí ọkọ níbẹ̀, tó ń retí ohun tó máa sọ, tí trustee náà sì ń wo àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá parọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 5, bó bá sì jẹ́ pé kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, irọ́ yẹn lè tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú.

Kí ọkọ yín tó fáìlì, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìmọ̀ràn lórí gbèsè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, láàárín ọjọ́ 180. Owó oṣù àkọ́kọ́ máa wọlé láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn tó bá fáìlì, kódà bí adájọ́ kò tíì fọwọ́ sí ètò náà. Ẹ ti ya á sọ́tọ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ bá lọ́yà, ẹ mú ìwé owó orí ọdún 4, ìwé owó oṣù yín méjèèjì, àti rìsíìtì ilẹ̀ Ìbàdàn dání.