Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Nígbà Tí Ìjà Bá Wọ Ìjọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó lé ní ọdún méjì tí a ti ń dáwó òrùlé nínú ìjọ wa, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tó wà ní báǹkì. Bàbá alàgbà kan béèrè nínú ìpàdé, ni wọ́n bá pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀. Ìjọ ti pín sí méjì báyìí. Pásítọ̀ wa ní ká dákẹ́, ká máa gbàdúrà, kí àlàáfíà lè jọba. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn béèrè owó ìjọ?
Ìyá Ẹgbẹ́ kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Mà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó ìrànwọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Àwọn ìjọ ló yan arákùnrin kan láti bá wọn rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 8:19–21). Àpọ́sítélì ni Pọ́ọ̀lù o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí ta ni ọlọ̀tẹ̀, ẹ ti fi ète sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ìṣirò owó ni ọ̀rọ̀ yín. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ bá Pásítọ̀ àti akápò nílé, bí Mátíù 18:15–17 ṣe là á sílẹ̀. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ohun mẹ́ta péré ni kó béèrè: iye tó wọlé, iye tó jáde pẹ̀lú rìsíìtì, àti sítétímẹ́ǹtì báǹkì láti ọjọ́ tí ìdáwó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọn ò bá dáhùn, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí apá méjèèjì fọkàn tán bá a padà lọ. Bí ìyẹn náà ò bá so èso, ó di ti ìgbìmọ̀ ìjọ, lẹ́yìn náà ti àwọn àgbà tó wà lókè ìjọ yín. Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ẹ fẹnu kò sí sílẹ̀.

Bí ìṣirò bá sì yàtọ̀, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ láì kọ ohun tó wà fún, bóyá báǹkì yọ owó tiwọn, tàbí bóyá wọ́n ra epo jẹnẹrétọ̀ látinú agbọ̀n ọrẹ kí wọ́n tó kà á. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń da ọ̀pọ̀ ìjọ rú. Owó tí a ná kó tó wọ ìwé kò ní ojú ìwé tí a ti lè wá a, bó ti wù kí ẹni tó ná an jẹ́ olóòótọ́ tó.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí ara wọn máa ka owó nínú yàrá kan náà, gẹ́rẹ́ tí ìsìn bá parí. Kí wọ́n ya ẹgbẹ̀rún náírà sọ́tọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sọ́tọ̀, títí dé èyí tó kéré jù, kí wọ́n kọ àpapọ̀ rẹ̀ ní iye àti ní ọ̀rọ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Ní ọjọ́ Ajé, odindi owó náà ni kó lọ sí báǹkì, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ. Kí ẹni mẹ́ta ní àṣẹ lórí àkáǹtì, kí méjì nínú wọn máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya. Lóṣooṣù, kí ẹni tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ fi ìwé yín wé ti báǹkì.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi wà ní apá kan, èmi wà ní apá kejì. Mi ò rí oorun sùn mọ́, ìsìn gan-an ti sú mi.
Arábìnrin kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ tó ní àlàáfíà Ọlọ́run, tó ju ìmọ̀ràn gbogbo lọ, yóò ṣọ́ ọkàn wa (Fílípì 4:7). Ẹ ka ẹsẹ kejì. Obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìyìn rere, ni ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀ mọ́, Pọ́ọ̀lù sì bẹ ẹnì kan nínú ìjọ pé kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Inú ìjọ tí ìjà wà gan-an ni ìlérí yẹn bọ́ sí.

Ẹ bá Dádì yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa sọ ọ̀rọ̀ ìjọ, kó má kọjá ààbọ̀ wákàtí, kí àwọn ọmọ má sì sí níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ kẹfà ní ká fi ìdúpẹ́ kún ẹ̀bẹ̀: ẹ dúpẹ́ fún ohun rere kan pàtó tí ẹnì kan ní apá kejì ti ṣe. Kì í rọrùn ní alẹ́ àkọ́kọ́. Bí oorun ò bá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àwa kan fẹ́ kúrò ká dá ìjọ tiwa sílẹ̀. Ṣé Ọlọ́run fọwọ́ sí i?
Alàgbà kan, Èkó

ÌDÁHÙN: Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pín yà nítorí Máàkù (Ìṣe 15:39), ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n mú Máàkù wá, pé ó wúlò fún òun (2 Tímótì 4:11). Ní Èkó yín náà, àwọn onítẹ̀bọmi pín ní 1888, àwọn kan dá ìjọ Ebenezer sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀ ní 1914, tó kó apá méjèèjì jọ, Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ tó yapa, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Àwọn tó sì kúrò ní ìjọ Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó, ní 1901 lórí ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson fi ilé ìjọsìn sílẹ̀, wọ́n lọ dá ìjọ tiwọn, Bethel, sílẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìlàjà. Bí ẹ bá máa lọ ṣá, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ tàbí ilé. Bí ìjọ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (Corporate Affairs Commission, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), orúkọ àwọn alágbàtọ́jú ìjọ ló yẹ kí ilẹ̀ wà, ẹni tó bá sì gbé e lọ sí kóòtù lè máa rojọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ti fi ipò sílẹ̀, ẹ kó kọ́kọ́rọ́, ìwé àkọsílẹ̀ àti owó ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín fún akọ̀wé, kí ẹ sì gba ìwé pé ó ti gbà wọ́n.