Ìwé Harry Potter Ti Ń Ṣókùnkùn: Ṣé Kí N Ṣì Máa Kà Á Fún Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester ni a ń gbé, ọmọbìnrin mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 8. Lálaalẹ́ ni mo ń ka Harry Potter fún un, ìwé tí èmi alára fẹ́ràn nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú ìkẹrin, mo rántí ìparí rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Ṣé kí n máa bá a lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Houston ni èmi wà, mo sì ti ka méjèèje tán fún ọmọkùnrin mi. Nígbà tí mo tún un kà ni mo tó rí i pé òkùnkùn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé láti orí kìíní ìwé àkọ́kọ́ ni bàbá àti ìyá Harry ti kú. Adùn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oṣó ni kò jẹ́ kí a kà á sí nígbà náà.

Ẹ rántí pé àwa dúró. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1997, ìkẹrin ní 2000, a sì retí ìkarùn-ún fún ọdún 3. Nígbà tí ìkeje fi dé ní 2007, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 10 ti di géńdé. Àwọn ọmọ tiwa bá gbogbo rẹ̀ lórí pẹpẹ, wọ́n sì lè kà á tán láàárín oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ Harry ń fi ọdún kan dàgbà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìkẹrin pamọ́ títí ọmọ mi fi pé ọdún 10. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo ka ibi itẹ́ òkú ní ìparí ìkẹrin, níbi tí wọ́n ti pa Cedric, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Harry; n kò kà á lálẹ́. Ohun tó mú ọmọ mi lọ́kàn ju ikú Cedric lọ ni bí òjìji rẹ̀ ṣe bẹ Harry pé kó gbé òkú òun padà fún àwọn òbí òun. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ewé náà kí n má baà ṣí i, ó ní, “Dádì, ṣé torí bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe dáwó fún bàbá yẹn?” Lóòótọ́, àwa ará ilé níbí ti dáwó jọ rí láti fi òkú ẹnì kan ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, n kò sì mọ̀ pé etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn la sọ títí di ọ̀sán.

Ti ọmọ yín, ẹ tún ìkẹta kà ná. Àwọn Dementor tó ń fa ayọ̀ jáde lára ènìyàn wà nínú rẹ̀, ṣokoléètì sì ni olùkọ́ wọn fi ń tọ́jú ẹni tí wọ́n bá kọlù. Bó bá ní kí ẹ má pa iná yàrá lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìkẹrin sílẹ̀ di ọdún méjì sí i.