Kí ló dé tí 12 fi ń di 11 lọ́wọ́ mi? Ọ̀rọ̀ compás, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ka orin, lórí gìtá flamenco

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mò ń gbé, ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń kọ́ gìtá flamenco, orin àwọn ará Spain, soleá, ọ̀kan lára àwọn orin flamenco, ni mo sì ń ta jù. Tí mo bá dá wà ní yàrá ó máa ń dùn gan-an, ìyàwó mi pàápàá máa ń yìn mí. Àmọ́ ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ mo máa ń lọ ta gìtá fún kíláàsì ijó kan, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń dàrú, tó bá yá màá kàn rí i pé èmi àti oníjó ò sí níbì kan náà mọ́, olùkọ́ ijó á wá máa wò mí bíi pé mo jí nǹkan. Mo ti ra metronome, ẹ̀rọ tó ń dún kọ́, kọ́ kí èèyàn má bàa sáré tàbí fà, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, kò yàtọ̀. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Àbí kí n ra èyí tó dáa jù ú lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì náwó kankan. Gbé fóònù ẹ, gba ohùn soleá tó o mọ̀ jù sílẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ti tó. Lẹ́yìn náà gbé gìtá tì, tún un gbọ́, kó o máa fi oríkèé ìka kan tábìlì kó o sì máa ka 1 dé 12. Ibi tí tábìlì àti gìtá bá ti pínyà, ibẹ̀ ni wàhálà ẹ wà, mo sì lè bá ẹ ta tẹ́tẹ́ pé ẹ̀yìn 10 ni.

Ìdí nìyí. 12 ni kíka soleá, ibi tó ti ń wúwo ni 3, 6, 8, 10 àti 12. Wò ó dáadáa, mẹ́ta mẹ́ta ló kọ́kọ́ ń rìn, nígbà tó yá ó wá bọ́ sí méjì méjì. Orí 10 ni gbólóhùn máa ń parí sí, gìtá á dún jàn! lórí ẹ̀, 11 àti 12 á wá dà bí ibi tí ò sí ǹkankan. Ó wà o! Ẹni tó dá wà ní yàrá, tó bá ti ta 10 tán, ọwọ́ á ti máa yún un láti bọ́ sínú èyí tó kàn, á gbé 11 jẹ, kò sì sẹ́ni tó máa mú un torí kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Oníjó ò lè gbé e jẹ ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń kà á. Jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré, ìwọ á ti wà lórí 5 nígbà tóun wà lórí 1, ojú tí wọ́n sì ń wò ẹ́ yẹn tọ́ sí ẹ.

Èmi náà jẹ ẹ́ fún bí ọdún kan nígbà tí mo wà ní Sevilla, tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan olórin kan tó ń kọrin lé gìtá mi lórí dákẹ́ láàárín orin, kò bínú, ó kàn na ọwọ́, ó tẹ okùn gìtá mi mọ́lẹ̀ kó má dún, ó wá pàtẹ́wọ́ 11, ó pàtẹ́wọ́ 12, ó mi orí sí mi pé kí n máa bọ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó wá yẹ kó o rí ìdí tí metronome ẹ ò fi ràn ẹ́ lọ́wọ́. Tó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́ bákan náà, kò mọ 11 yàtọ̀ sí 1. Tó o bá gbé odindi 11 jẹ, orí kọ́ tó kàn náà lo ṣì máa bọ́ sí, ìwọ á rò pé o wà níbẹ̀, òun náà ò ní sọ ǹkan kan. Yíyára àti fífà nìkan ló lè mú, kò lè mú ẹni tó ń jẹ kíkà. Èyí tó o nílò ni àpù orí fóònù tó máa ń yí ohùn padà lórí 3, 6, 8, 10 àti 12, tàbí ohùn palmas tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ìyẹn àtẹ́wọ́ tí àwọn ará Andalucía fi ń gbé orin ró. Wọ́n pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíì ò gba kọ́bọ̀.

Àmọ́ àpù náà ò ní bá ẹ dé kíláàsì ijó, torí náà inú ara ẹ ni kíkà náà gbọ́dọ̀ wà. O ti rí àwọn onídùndún rí ṣebí? Ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀, á máa pa òwe, á máa ki èèyàn, gúdúgúdú ò sì ní kúrò lójú kan. Ohun tó ń ṣe ìwọ ni pé o fẹ́ kí ìyáàlù máa ṣe iṣẹ́ gúdúgúdú. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ ni ìyáàlù, ẹsẹ̀ ẹ ni gúdúgúdú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó o tó fọwọ́ kan gìtá, jókòó sórí àga, máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lórí gbogbo kíkà, kó o máa pàtẹ́wọ́ lórí èyí tó wúwo nìkan, kó o sì máa kà á sókè. Iṣẹ́jú 10 lóòjọ́. Ó máa sú ẹ, ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lórí kíkà sókè yẹn, ohun kan wà tí mo fi ojú ara mi rí tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ kankan, torí kò kan àwọn. Tó o bá fi Yorùbá kà á, àrún àti ẹ̀sán lohùn máa ń lọ sókè, etí ẹ á fẹ́ tẹ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ 5 àti 9 ò wúwo rárá! Mọ́kànlá àti méjìlá náà gùn jù, ahọ́n ò ní bá a mọ́ tó bá ti ń yára. Àwọn Spaniard náà ní irú ìṣòro yẹn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa ń pe 11 àti 12 ní “un, dos”, kó lè kúrú. Fi Spanish kà á, tàbí kó o máa pe “tì” níbi tó fúyẹ́ àti “pá” níbi tó wúwo.

Tí ìyẹn bá ti wọ ara, gbé gìtá, ṣùgbọ́n fi ọwọ́ òsì bo okùn kó má baà mú ohùn jáde, kó o jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún nìkan máa ṣe rasgueado, ìyẹn fífi àwọn ìka gbá okùn, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ni wàá máa gbọ́. Wàá rí i bí àṣìṣe ẹ ṣe pọ̀ tó nígbà tí ohùn dídùn ò bá bò ó mọ́lẹ̀. Lórí 11 àti 12, má fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo, fi ìka kan ojú gìtá, golpe ni wọ́n ń pè é, títí ara á fi mọ̀ pé ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Ibì kejì tí kíkà ti máa ń bọ́ ni inú falseta, àwọn orin kéékèèké tí gìtá ń dá ta tí olórin bá sinmi. Gbogbo wa la máa ń fà níbi tó le tá a sì máa ń sáré níbi tó rọrùn. Wá ibi tó le jù nínú ẹ̀, bó o ṣe lè ta ibẹ̀ láìkọsẹ̀ ni kó o fi ta gbogbo ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ 60 kíkà ní ìṣẹ́jú kan ni metronome wà. Tó o bá sì ṣì í ta, má dúró jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa lọ kó o padà wọlé lórí 1 tó kàn. Ẹni tó ń dúró tún un ṣe nígbà gbogbo, dídúró ló ń kọ́.

Má tíì fọwọ́ kan bulería, orin flamenco míì tó máa ń yára. 12 náà ni, àmọ́ orí 12 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà ẹ̀, ó sì lè sáré kọjá 200 kíkà ní ìṣẹ́jú kan. Tangos, orin flamenco míì, ni kó o fi sinmi, 4 péré ni kíkà ẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé agogo tí wọ́n ń lù mọ́ ìlù wa náà ń pín 12 torí náà o ti mọ̀ ọ́n láti ilé, èmi gba ìyẹn gbọ́ nígbà kan, ibi tí agogo ti ń bọ́ yàtọ̀ pátápátá, ó sì dà mí láàmù fún oṣù mélòó kan.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, bẹ olùkọ́ ijó kó o kàn jókòó pàtẹ́wọ́ fún wọn fún ìdajì wákàtí, kó o fi gìtá sílẹ̀ nínú àpò ẹ̀. Kò ní kọ̀.