Mọ́tò tó ti dàgbà: ká tún un ṣe ni àbí ká tà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni mí, Òkè-Báálẹ̀ l'Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìkìrun ni iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Camry 2000 tí mò ń lò ti ń tu èéfín, ó ń jẹ ọ́ìlì, ó sì ti hó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnì ti lọ, pé kí n mú 700,000 náírà wá ká lọ ra béljíọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnì àlòkù láti òkè òkun. Ẹnì kan fẹ́ rà á bó ṣe wà yìí ní 1,200,000. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní tí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì owó mọ́tò lọ, kéèyàn tà á ni, pé kí n yá 3,000,000 ní kọ́ọ̀pù kí n fi ra tòkunbọ̀ kí n lè sinmi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira mà. Kí n tó sọ nǹkan míì, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ ìdajì owó mọ́tò yìí ná, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ, ó sì ti ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sínú gbèsè tí kò yẹ kí wọ́n jẹ.

1,200,000 tí ẹni yẹn fẹ́ san, owó mọ́tò tó ń tu èéfín ni. Ó ti yọ owó àtúnṣe kúrò kó tó dá iye yẹn, ó sì ti yọ èrè tiẹ̀ náà. Camry yẹn kan náà, ká ní kì í hó, tí èéfín ò sí, tí gíà ń wọlé dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bá yín dá 1,200,000, á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá mú owó àtúnṣe, ẹ ń fi wé iye tí wọ́n ti tìtorí àtúnṣe yẹn gé kù, àléébù kan ṣoṣo lẹ wá yọ owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni kò ṣe ní ju ìdajì lọ? Gbogbo mọ́tò tó bá ti dàgbà tí owó ẹ̀ ti wálẹ̀ ni ìṣirò yẹn máa dá lẹ́bi, ọjọ́ ń bọ̀ tó jẹ́ táyà mẹ́rin àti bátìrì nìkan lẹ máa fẹ́ rà, wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ tà á.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni iye tó máa jáde lápò yín láti òní títí ọdún á fi yípo, tí mọ́tò á ṣì máa gbé yín lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, 700,000 ni, kẹ́ ẹ tún fi nǹkan díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí mọ́tò tó ti lo bí ọdún 25 láyé ò lè ṣe kó má bèèrè bọ́ṣì, ṣọ̀ọ̀kì, ball joint àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá tà á, 3,000,000 gbèsè ni pẹ̀lú èlé tí wọ́n á máa gé lára owó oṣù yín, ẹ ó wá fi owó àkọ́wọlé lé e, ìyẹn owó tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délé, èyí tí àwọn tó ń ta mọ́tò kì í dárúkọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àkọ́wọlé yìí dáadáa. Tòkunbọ̀ kì í ṣe mọ́tò tuntun. Mọ́tò tí ẹnì kan ti lò ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tàbí Jámánì fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, tó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mi yìí lòun náà bi mẹkáníìkì tiẹ̀ kó tó tà á. Òmíì ti forí gbárí rí, wọ́n á ti nà án, wọ́n á ti kùn ún, á máa dán. Òmíì, omíyalé ti wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ẹ ò ní fojú rí i, àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wáyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, rewire, ìyẹn oníná mọ́tò, á sì ń gbowó lọ́wọ́ yín láìrí ìdí ẹ̀. Èyí tó bá ti ìlú oníyìnyín wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún máa ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ má wo ọ̀dà. Mítà tó ń ka máìlì náà, wọ́n ń yí i padà sẹ́yìn. "First body" tí wọ́n ń pariwo yẹn, ọ̀dà ara mọ́tò ni wọ́n ń sọ, kò kan ẹ́ńjìnì, kò kan gíà.

Tó bá wá délé, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, béélì, pílọ́ọ̀gì, bíréèkì, bóyá bátìrì, ẹ máa ṣe pépà. Táyà tó bá a wá lè nípọn kó sì ti gbó, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, ẹ má gbé e rin ọ̀nà Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ nínú o. Ẹni tó bá lówó tòkunbọ̀ tó tún tọ́jú owó àkọ́wọlé sọ́tọ̀, kó rà á, mi ò bá a jà, kó ṣáà gba VIN ẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 17 tó wà lára mọ́tò, kó yẹ ìtàn ẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé gbogbo owó tó fi rà á ló yá, táyà kan ṣoṣo lè mú mọ́tò yẹn dúró síwájú ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Ta ló ní ó ti lọ, kí ló sì fi mọ̀? Ẹ ò sọ àwọ̀ èéfín yẹn fún mi. Tó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ló ń jẹ jù. Tó bá funfun tó pọ̀, tí kò dáwọ́ dúró kódà tí mọ́tò bá ti gbóná, tí omi sì ń dín kù nínú rédíétọ̀, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ni màá kọ́kọ́ fura sí. Tó bá dà bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, ìyẹn náà sì ní oríṣi: èyí tó máa ń tú nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i láàárọ̀ tó sì máa ń lọ, valve seal ni sábà, ìyẹn rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò wọ ibi tí epo ti ń jó, owó ẹ̀ kò sún mọ́ owó ẹ́ńjìnì rárá, àmọ́ èyí tó ń tú ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ ẹ́, ríìngì ara písítọ̀nù inú ẹ́ńjìnì ló sábà máa ń jẹ́. Kí wọ́n wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe lágbára tó láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Géèjì ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n, wọ́n á yọ pílọ́ọ̀gì, wọ́n á wọ̀n ọ́n lójú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ojú tó bá wálẹ̀, kí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí i kí wọ́n tún un wọ̀n, tó bá gòkè, ríìngì ni, tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì ni. Mẹkáníìkì tí kò ní géèjì tó ní ẹ́ńjìnì ti lọ, ẹ má fún un lówó.

Híhó yẹn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Rédíétọ̀ lè ti dí, fáànù lè má máa yí, wọ́n sì lè ti yọ thermostat, ìyẹn ohun tó ń darí bí omi ṣe ń yí ká ẹ́ńjìnì, sọnù, nǹkan tí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti máa ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kí wọ́n dá a padà. Béljíọ̀mù tí wọ́n bá so mọ́ rédíétọ̀ tó ti dí máa hó náà, 700,000 á sì ti lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ́ìlì tó nípọn tàbí oògùn inú ike kékeré fún yín pé ó ń pa èéfín. Bí ìgbà téèyàn fọwọ́ bo ẹnu ẹni tó ń wúkọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ ta mọ́tò fún aláìmọ̀kan ló ń ṣe é, ìwà olè ni, mo sì ń bínú sí i gan-an.

Ìgbà tí màá ní kẹ́ ẹ tà á ni tí irin abẹ́ mọ́tò bá ti dógùn-ún débi tí ẹsẹ̀ táyà so mọ́, tàbí tí ẹ́ńjìnì àti gíà bá jọ kú pọ̀. Tí kò bá sí ìyẹn, Camry yẹn ṣì dáa lọ́wọ́ yín, ẹ̀yà ara ẹ̀ wà ní Òṣogbo níbí, ó wà ní Géètì n'Ìbàdàn, ó kún Ládiípọ̀ l'Ékòó, àti láti 2023 tí náírà ti já, èyí tí ẹ̀yà ara ẹ̀ bá ṣì wà ní àrọ́wọ́tó ló yẹ kéèyàn dì mú.

Mi ò tíì fojú rí mọ́tò yín o, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá mẹkáníìkì yín jà. Tó bá padà jẹ́ béljíọ̀mù náà ni, kí wọ́n wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó san tán, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì padà nínú pépà mọ́tò kí ọlọ́pàá má baà dá yín dúró lórí ẹ̀. Fún ìsinsìnyí, ẹ ní kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀pù yẹn dúró, ẹ lọ wọn mọ́tò lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ojú kọ̀ọ̀kan àti àwọ̀ èéfín ránṣẹ́ sí mi.