9% Turnitin kò ní kó o má jalè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Gwagwalada ni mo ti ń kọ tíísìsì másítà mi. Ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Garki ní kí n kàn yí ọ̀rọ̀ inú ìwé àwọn èèyàn padà, kí n sì to orúkọ ìwé wọn sẹ́yìn. Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo ibi tí iṣẹ́ ti bá ti ẹlòmíì mu, mú 9% jáde. Ṣé ó ti tán nìyẹn? Nínú àkámọ́ ńkọ́, ṣé kómà ló ń wà láàárín orúkọ àti ọdún?

Ìdáhùn: Nínú APA, ìlànà kan tí a fi ń tọ́ka sí ìwé tí a lò, kómà ni. Ṣùgbọ́n kò tíì tán o, àbúrò mi, ìbéèrè yìí sì ti ń sú mi.

Turnitin ò mọ olè. Ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ rẹ wé èyí tó wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni, ó ń ka iye tó bára mu. Jí èrò èèyàn, pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lè má rí nǹkan kan. Olè náà ni. Ẹlòmíì á gba 25% lórí àyọlò tó fi àmì sí, tó kọ ojú ìwé rẹ̀, kò sì jẹ̀bi.

Wò ó: Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, ròyìn ìtàn tó ní Mẹ́kà ni Yorùbá ti ṣẹ̀ wá nínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas. Ìwọ wá kọ ọ́ pé, "Ìhà Mẹ́kà ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá." O ti yí ọ̀rọ̀ padà lóòótọ́, àmọ́ ta ló sọ ọ́? Ìwọ! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o wá gbèjà iṣẹ́ rẹ, ìwọ ni wọ́n máa bi ní ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ò sì gbà á. Kọ ọ́ báyìí: "Johnson (1921) ròyìn ìtàn kan tó so Yorùbá mọ́ Mẹ́kà." Ẹrù ti kúrò lórí rẹ. Orúkọ tí o kàn tò sẹ́yìn kò lè sọ èwo lo mú níbo. (1897 ló parí ìwé náà, ó kú ní 1901, ṣùgbọ́n ọdún tí ìwé jáde là ń kọ.)

Tó bá jẹ́ inú iṣẹ́ ẹlòmíì lo ti rí Johnson, má purọ́ pé o kà á. Sọ ẹni tí o ti rí i lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwé onítọ̀hún nìkan ni kó o tò sẹ́yìn.

Ẹ̀ka mìíràn ń lo MLA, ìlànà ìtọ́kasí mìíràn, o. Ohun tí súpáfáísọ̀ rẹ bá sọ ló borí tèmi, má fi ìdáhùn yìí bá a jà. Ní ti ọ̀gá Garki, títẹ̀ niṣẹ́ tiẹ̀. Lọ gba fáìlì rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.