Ṣé táǹkì ló ń jò ni, àbí fèrè ló ń parọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, ọdún kejì rèé tí mo ti ń to bàlúù kékeré RV-7 jọ nínú gáréèjì wa, ìyàwó mi ti fẹ́ẹ̀ lé èmi àti ẹ̀ jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí táǹkì epo apá òsì, mo dí gbogbo ojú ihò, mo so fèrè ọmọdé mọ́ ẹnu páìpù tó ń gba afẹ́fẹ́, mo fi pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí fèrè fi wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ìgbà tí mo jí láàárọ̀, ó ti rọ jọwọlọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n da gọ́ọ̀mù olómi sínú táǹkì kí n máa yí i kiri, pé á wá ibi tó ń jò fúnra ẹ̀, á dí i. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má da nǹkan kan sínú táǹkì yẹn o, má sì tíì fọwọ́ kan dírìlì. (Bàlúù náà ni òyìnbó ń pe fèrè yìí, bàlúù la sì ń pe ohun tó ń fò, ẹ jẹ́ kí n máa pe ti ọmọdé ní fèrè kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀.)

Fèrè tó rọ̀ mọ́jú kò tíì sọ pé táǹkì ń jò. Táǹkì RV-7 ń gba gálọ́ọ̀nù 21 lápá kan, ìyẹn bíi lítà 80. Ká ní ìwọ̀n 30 lórí Celsius ni ooru gáréèjì ẹ nígbà tó o fẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́, tí ó wá di 20 nígbà tílẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ inú táǹkì á sún kì pẹ̀lú lítà méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀, láìsí pé ẹyọ kan jáde. Tí fèrè ẹ bá kéré, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn! Ojú ọjọ́ náà tún ń ṣe tiẹ̀, tí òjò ńlá bá ń bọ̀ tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, fèrè á wú tàbí kó rọ̀. Nítorí náà fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, má fẹ́ afẹ́fẹ́ míì sí i, padà wá wò ó nírọ̀lẹ́ nígbà tí gáréèjì bá ti gbóná tó ti àná. Tó bá tún ti wú, lọ sùn jàre.

Tí kò bá wú, ó ń jò lóòótọ́. Kó tó di pé o fẹ̀sùn kan rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí a fi kan irin pọ̀, yẹ fèrè fúnra ẹ̀ wò, àti ìdè ẹ̀, àti rọ́bà tó o fi so ó, àti ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, nítorí ìdérí yẹn kì í sábà pa afẹ́fẹ́ mọ́ dáadáa, lẹ téèpù mọ́ ọn lórí. Mo mọ ẹni tó fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wá ihò kiri táǹkì, fèrè ló lu. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá ṣe bíi fọ́kánáísà tó ń wá ibi tí táyà ti ń jò, po omi ọṣẹ, fi búrọ́ọ̀ṣì pa á yíká, kó o wá tẹjú mọ́ ọn. Bẹ̀rẹ̀ láti ara àwo tí ẹ̀rọ tó ń ka epo wà, àti àwo tó pa ojú táǹkì dé lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o tó bọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin baffle, irin ẹ̀yìn tí a fi pa táǹkì dé. Igun yẹn ló máa ń dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́, má gbé compressor sún mọ́ ọn. Psi kan péré (pọ́n-ùn kan lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó), ìwọ̀n 144 pọ́n-ùn ló ń tẹ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó; tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè wú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù á ṣòfò. Tí o ò bá fọkàn tán fèrè, ra rọ́bà tí a lè rí inú ẹ̀, tẹ̀ ẹ́ bí U, rọ omi sí i, so ẹnu kan mọ́ táǹkì: tí omi apá kan bá ti fi 70 sẹ̀ńtímítà ga ju ìkejì lọ, o ti dé psi kan, dúró síbẹ̀.

Ní ti gọ́ọ̀mù olómi, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tó kọ́ bàlúù nígbà kan dà á, ó sì dí ihò lóòótọ́, àmọ́ bí ọdún ṣe ń lọ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára irin bí awọ ejò, ó ń lọ dí asẹ́ epo. Ẹ́ńjìnnì tí epo ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lókè kò ní ibi tó máa páàkì sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Táǹkì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo po gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ojú ìpàdé irin (kì í ṣe olómi yẹn o) púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí ahun, n ò fẹ́ kó ṣòfò. O mọ gọ́ọ̀mù yẹn ná: funfun kan tó ki bí ẹ̀kọ tútù, dúdú kan, ìwọ̀n mẹ́wàá sí ẹyọ kan lórí òṣùwọ̀n, o máa rò ó títí á fi di àwọ̀ eérú láìní ìlà kankan, ó sì ń rùn bí ẹyin ọ̀bu. Wákàtí méjì ni wọ́n ní èèyàn fi lè lò ó kó tó gan, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ń mú un yára gan-an, ní Houston yín o lè má rí wákàtí kan. Ìgbà tí mo máa fi dé àwọn rífẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn, ó ti ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni, mo sì tún ti fọwọ́ lásán kan ibi tí mo ti fi MEK, kẹ́míkà tí a fi ń nu ọ̀rá, nù tẹ́lẹ̀. Fèrè dúró o! Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo rọ epo sí i, mo wo abẹ́ ìyẹ́, mo rí àbàwọ́n búlúù tíńńtín yí orí rífẹ́ẹ̀tì kan ká, torí 100LL, epo bàlúù, búlúù ni wọ́n pa á láró. Ọ̀rá ọwọ́ mi ló wà lábẹ́ gọ́ọ̀mù. Mo fa epo jáde, mo jẹ́ kí táǹkì fẹ́ atẹ́gùn dáadáa, mo gé ihò tó gba ọwọ́ sára baffle, mo há inú ẹ̀, mo nù ún títí rágì funfun fi ń jáde funfun, mo bu gọ́ọ̀mù tuntun lé e, mo wá fi àwo alumíníọ̀mù pa ihò náà dé. Bó o ṣe máa tún tìẹ náà ṣe nìyẹn tó bá jẹ́ inú ni. Po díẹ̀díẹ̀, tọ́jú ìyókù inú ife kó o lè máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ̀ bó ṣe ń gan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ojúmọ́ sà. Kent la wà. Ọkọ mi fẹ́ ra ìyẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ẹ̀ to tán, táǹkì ti wà lára ẹ̀, owó ẹ̀ ga. Ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ?

ÌDÁHÙN: Rárá mà, òórùn gọ́ọ̀mù yẹn nìkan tó ìdí láti san owó. Ẹ kàn sọ fún ọkọ yín kí wọ́n ṣì fi fèrè dán táǹkì náà wò fúnra wọn, kí inspector LAA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ bàlúù kékeré ní UK) tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì rí i kí wọ́n tó gbé ìyẹ́ mọ́ ara bàlúù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, láti Ìbàdàn. Ṣé wọ́n ti ṣe irú bàlúù yìí rí ní Nàìjíríà?

ÌDÁHÙN: Wọ́n ṣe é. Air Beetle, tí ilé iṣẹ́ AIEP kọ́ ní Kàdúná fún àwọn tó ń kọ́ bàlúù wíwà ní iléeṣẹ́ ológun òfuurufú, ara RV-6A ni wọ́n ti mú un, ẹ̀gbọ́n RV-7 tí àbúrò wa ń tò ní Houston.